Irùngbọ̀n Àkọ́kọ́

Ní Moravia, lọ́dún karùn-ún tí àwọn ará Jámánì ti gbàlú wa,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mò ń kọ́ṣẹ́ onígbàjámọ̀
lọ́dọ̀ Ọ̀gá Hynek, tí ikọ́ ń gbá láyà bí ìlẹ̀kùn nínú afẹ́fẹ́.
Mò ń pọ́n abẹ, mò ń po ọṣẹ títí á fi hó,
àgbọ̀n tèmi sì dán bí ẹyin.
Vlasta, ọmọ oníbúrẹ́dì, fi ìka kan tọ́ ọ:
"Radim, ìgbà wo lo máa dàgbà?"
Mo sá wọlé, mo kọlu àga, omi gbígbóná kún bàtà mi.
Ọ̀gá ní, "Fara balẹ̀. Irùngbọ̀n kì í gbọ́ àṣẹ ìjọba kankan."

Sójà kan wọlé lọ́jọ́ kan, ìbọn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ.
Ó jókòó, ó ní kí n fá òun.
Mo wo ojú rẹ̀: kò sí nǹkan kan níbẹ̀!
Mo fi ẹ̀yìn abẹ gbá ìhó ọṣẹ kúrò, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń gbálẹ̀ yàrá tí ẹnikẹ́ni kò gbé.
Ó wo dígí, ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fún mi ní tọ́fì.
Ọ̀gá kọjú sógiri. Mo rò pé ikọ́ ni. Ẹ̀rín ni.

Lọ́jọọjọ́ Ẹtì, mo ń gbé agolo ọṣẹ lọ fún ìyá arúgbó kan lódìkejì odò.
Mi ò bi ara mi léèrè rí
ohun tí ìyá arúgbó ń fi ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ṣe.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wá mú Ọ̀gá.
Oníbàárà ṣì wà lórí àga, ìdajì ojú rẹ̀ funfun.
Ọ̀gá bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó ká a sí mẹ́rin.
"Radim, parí ti bàbá yìí. Ìdajì kò dáa."
Mo parí rẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n.
Ìgbà tí bàbá náà lọ tán ni mo tó bì.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo gbé agolo.
Mo ti ṣí i wò. Ìwé ló wà lábẹ́ ọṣẹ,
ìwé fẹ́lẹ́, ó sì wọ̀ mí lọ́rùn bí òkúta.
Sójà ọmọdé yẹn ló ń ṣọ́ afárá.
"Kí nìyẹn?"
"Ọṣẹ."
Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́. Ó pẹ́ kó tó ní, "Máa lọ."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nínú dígí ṣọ́ọ̀bù,
irun kan ṣoṣo ti hù lágbọ̀n mi.
Ẹni tí mo fẹ́ fi í hàn kò sí nílé.