Ojú Tòkunbọ̀

Ọ̀kẹ́ méje náírà ni mo dì sétí ìró,
owó ọdún kan àti oṣù mẹ́rin
tí mo fi ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì Arówómọlẹ̀,
lóru, nígbà tí Ògbómọ̀ṣọ́ bá sùn tán.
Ìyá mi ní, "Owó yìí tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ."
Mo ní, "Ó tó."
N kò fi kún un.

Ní Tákíẹ́, Gbọ́láwọyè gbé ọ̀kan lé káńtà,
ó dúdú, ó ń dán bí ẹ̀yìn ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn.
"Àmì mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ẹyinjú rẹ̀!"
Mo bi í pé mélòó nínú wọn ni yóò rí mi.
Ó rẹ́rìn-ín, ó dárúkọ ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá.
"Ẹ san ìdajì, ẹ máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀."
Mo mọ gbèsè.
Ó ti sùn nílé wa rí,
ó sì ti jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán kí àwa tó jí.

Mo wá gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ayílárá lọ, ní Ìjẹrù,
ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú òkùnkùn sínú yàrá kan
kí àwòrán lè rí ibi yọjú;
adìẹ ló ń sàba níbẹ̀ báyìí.
Kò bi mí léèrè iye àmì.
Ó ní, "Mú ọwọ́ rẹ wá."
Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.
"Ọwọ́ kékeré. Èyí tó bá wúwo jù, ilé ni yóò máa gbé.
Èyí tó bá wà lọ́rùn rẹ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀,
òun ni kámẹ́rà.
Ra ara ní pọ́ọ́kú, kí owó ṣẹ́ kù fún ojú.
Ara á gbó, ojú tó bá mọ́ á wọ ara mìíràn.
Bí o bá bá tòkunbọ̀ pàdé, bi í pé
ẹ̀ẹ̀melòó ló ti ṣẹ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.
Gbé dígí rẹ̀ sí oòrùn.
Bí o bá rí ohun tó jọ òwú aláǹtakùn, èbu ni,
má ná an, kí i pé ó dìgbóṣe.
Báàgì ọ̀fẹ́ ńkọ́?
Ẹni tó bá fún ọ ní fìlà, wo ohun tó fẹ́ fi orí rẹ ṣe."
Adìẹ kan ké nínú yàrá òkùnkùn.
Ó dìde lọ wò ó, kò sì padà sórí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Mo wá a dé Sábó, mo wá a dé Òwódé,
òṣù kan gbáko.
Nígbẹ̀yìn, abẹ́ káńtà Gbọ́láwọyè kan náà ló ti yọ,
tìtìjú tìtìjú:
lẹ́tà iwájú rẹ̀ ti pa rẹ́,
rọ́bà ìdìmú rẹ̀ ń ṣí bí èèpo iṣu sísè.
Ìka mi bọ́ sí ibi tí ìka ẹnìkan ti jẹ wọlé.
Ó ti ṣẹ́jú nígbà ẹgbàárùn-ún, ó lé díẹ̀.
Ara nìkan, ọ̀kẹ́ mẹ́rin ààbọ̀.
Dígí kúkúrú kan tó tẹ̀lé e, ọ̀kẹ́ méjì.
Mo gbé dígí náà sí oòrùn Tákíẹ́:
kò sí èbu,
ìlà kan ṣoṣo ló wà létí rẹ̀,
bí gọ̀ǹbọ́ tí olóòlà kọ kù.
Ìdajì ọ̀kẹ́ tó ṣẹ́ kù, mo gbé e fún ìyá mi.
Kò kà á.

Lálẹ́, mo bá àwòrán kan nínú káàdì rẹ̀, ẹyọ kan péré:
ọmọdé kan, fìlà òwú pupa,
yìnyín mù ún dé orúnkún, ó la ẹnu.
N kò mọ ìlú rẹ̀. N kò pa á rẹ́.

Ilẹ̀ mọ́. Oyèbísí ń kó búrẹ́dì jáde,
ìyẹ̀fun bò ó dé ìgbọ̀nwọ́, dé ìpéǹpéjú,
ó rí mi, ó la ẹnu,
"Ìwọ! Má yà mí báyìí o!"
Mo tẹ̀ ẹ́.
Kò já gaara. Apá rẹ̀ dà bí èéfín.
Nọ́ńbà ọmọ inú yìnyín parí sí méje.
Nọ́ńbà Oyèbísí parí sí mẹ́jọ.