Ojú-ìwé Kejìdínláàádọ́rùn-ún

Ní Tartu, nígbà tí odò Emajõgi dì gbagidi,
tí àwọn ọmọdé ń fi bàtà onírin yọ̀ kọjá lójú omi,
Virve Kuusik jókòó sábẹ́ iná funfun ilé-ìkàwé,
ó ń ka ẹni tó dárúkọ ta, àti ta ló dárúkọ onítọ̀hún.
Ọdún kọkànlá rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ní èdè ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi tiwa,
ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ka ìwé, tí wọ́n fi ń ka owó.
Ìyá rẹ̀ bi í nídìí ọbẹ̀ kábéèjì:
"Èwo gan-an lò ń kà nínú méjèèjì?"
Ó ní, "Ìyá, mò ń ka àwọn tó kà."
Ó ṣíbí ọbẹ̀ kan mu, ó rò ó.
"Àbí àwọn tó ní àwọn kà."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni orúkọ kan kọ́ ọ lẹ́sẹ̀:
Torsell, 1974, lórí omi tó ń sùn lábẹ́ irà,
ìdìpọ̀ kejìlá, ojú-ìwé kejìdínláàádọ́rùn-ún.
Iṣẹ́ ìwádìí mẹ́tàlélógójì ló tọ́ka sí i.
Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Riga tọ́ka sí i, ti Uppsala náà ò gbẹ́yìn,
akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Krakow sì fi ṣe òpó ilé:
"gẹ́gẹ́ bí Torsell ti fi hàn gbangba."
Gbangba.
Virve fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ó wá Torsell nínú kọ̀ǹpútà, kò rí i.
Ó wá a nínú àpótí káàdì àtijọ́ tó ń rùn bí igi tí òjò pa,
kò rí i.
Ó kọ̀wé sí Riga. Riga ní, ọ̀dọ̀ Uppsala ni mo ti rí i.
Uppsala ní, Krakow ni. Krakow ní, ṣebí Riga ni.
Àwọn mẹ́ta di ara wọn lọ́wọ́ mú,
wọ́n ń jó yí àga òfìfo ká.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.
Àmọ́ ta ló purọ́ níbí?
Ọwọ́ atẹ̀wé kan ló yẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan,
bóyá ọmọ rẹ̀ ń sunkún, bóyá tíì rẹ̀ ti tutù.
Ẹni tó tẹ̀ lé e kò wẹ̀yìn wò.

Virve kọ ohun tó rí, ojú-ìwé mẹ́rin péré,
ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan.
Olùyẹ̀wò kìíní ní ó dára.
Olùyẹ̀wò kejì (ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á ti máa rẹ́rìn-ín)
ní òǹkọ̀wé yìí kò mọ ìtàn ẹ̀ka ìmọ̀ náà tó,
ó yẹ kó tọ́ka sí Torsell, 1974.
Olóòtú ní kó tún un ṣe,
kó sì san ẹgbẹ̀rún méjì yúrò.

Kò sunkún. Ó pa kọ̀ǹpútà dé,
ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà ilẹ̀, níbi tí Endel ti ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́.
Endel kì í béèrè ohun tí èèyàn ń wá.
Ìdìpọ̀ kejìlá wúwo bí ọmọ tó ti sùn lọ.
Ọ̀rọ̀ ẹja kan parí. Ìpolówó máíkírósíkóòpù tẹ̀ lé e.
Ó ṣí i sí ẹ̀yìn:
òfìfo. Funfun bí odò tó wà níta.

Àfi nísàlẹ̀, pẹ́ńsù, lẹ́tà wínníwínní:
"Èmi náà wá a wá. Oṣù Kẹta, 1991. H. P."
Lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mìíràn, kò sí orúkọ:
"Èmi náà."

Endel gbé fìtílà sún mọ́ ọn.
"Ojú-ìwé yẹn," ó ní, "òun ni wọ́n ń ṣí jù níbí."

Virve, tó ti bá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jà lórí kíkọ nǹkan sínú ìwé,
yọ pẹ́ńsù kúrò nínú irun orí rẹ̀,
ó kọ tirẹ̀ sí i.
Ó kà wọ́n: wọ́n jẹ́ mẹ́ta.
Ó wá tún wọn kà lọ́nà kejì,
wẹ́rẹ́, ètè rẹ̀ ń mì.