Ojú Abẹ́rẹ́

Agbádá ni bàbá mi kí lọ́jọ́ náà,
agbádá tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́ ìṣó.
"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ jókòó," ó ní,
ó sì ń dúró kí agbádá dáhùn.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń pe ọmọ aládùúgbò
kó wá bá òun ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.
Ó bú òwú, ó bú abẹ́rẹ́, ó bú iná mànàmáná,
kò bú ojú.
Làmídì aránṣọ, Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, ní Ògbómọ̀ṣọ́,
tó ń fi ojú lásán wọn ènìyàn:
kí o tó wọlé tán, ó ti mọ iye ọ̀pá tí o máa gbà.
Ta ni yóò sọ fún un pé ríran ló ṣíwájú rírán?

Omi ṣúgà la kọ́kọ́ kán sí i.
Ẹnìkan gbé oyin wá.
Ọkùnrin alápò kan ní Tákíé ta ìgò kékeré fún wa,
ó ní bó bá ti ń ta á, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.
Ó ta á. Bàbá forí lu ògiri mọ́jú.

Lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù,
àgbẹ̀ kan láti etí odò ń họra;
eṣinṣin tó jẹ ẹ́ nígbà èwe, wọ́n ní ó ti dé ojú báyìí.
Ọmọbìnrin kan, tí èéyi fi sílẹ̀ tí kò fi ojú rẹ̀ sílẹ̀,
ń fọwọ́ ka bọ́tìnnì aṣọ ìyá rẹ̀.
Ìyá àgbà kan ń bi wá bóyá ilẹ̀ ti mọ́.

Dókítà Oyèpéjú tan tọ́ọ̀ṣì.
"Ti ọ̀tún, nǹkan funfun ló bò ó, a óò yọ ọ́.
Ti òsì, gílókómà ni. Kò dùn yín rí, àbí?
Èyí tó ti kó lọ, kò ní í dá a padà."
"Kò dùn mí rí," ni bàbá wí,
bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.
Ojú tì mí. Èmi náà ò bi í rí.

Láàárọ̀ tí wọ́n tú báńdéèjì,
kì í ṣe èmi ló kọ́kọ́ wò.
Ẹsẹ̀ ṣòkòtò Mùdá àbúrò rẹ̀ ló tẹjú mọ́,
níbi tí ojú rírán ti yà bí ọ̀nà oko,
tó lọ, tó bọ̀, tó tún ṣìnà.
"Ta ló rán èyí fún ọ?"

Mùdá wò mí. Mo wo nọ́ọ̀sì.
"Aṣọ Iléyá ni," Mùdá ní,
ó sì rọra fa bùbá bò ó.