Àpò Ìyẹ̀fun

Aago mẹ́rin ìdájí, nítòsí òpópó Ìjọ̀kà l'Ákùúrẹ́,
ìyá mi ti ń po ìyẹ̀fun.
Búrẹ́dì rẹ̀ kì í ga bíi ti aládùúgbò wa,
èyí tó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí akokoro ń dà láàmú.
Oníbàárà á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò:
"Ìyá Akíntúnwà, ẹ ti ń ṣọ́ ìyẹ̀fun lò ju!"
Kò ní fèsì.

Ó ti lò ó rí, búrómétì.
Ìyẹ̀fun á dìde bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.
Lọ́jọ́ tí ìjọba ní kò gbọdọ̀ wọ búrẹ́dì mọ́,
ó da èyí tó kù nínú ike sí ṣáláńgá,
ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́dún tó kọjá, Akíntúnwà fi àpò ìyẹ̀fun ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà.
Ìyá wọ awò ojú, ó fi ìka tọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn àpò.
Orúkọ yẹn náà ló bá níbẹ̀,
kò tilẹ̀ fara pamọ́.

"Ṣé ìfun tiwọn yàtọ̀ ni?
Àbí omi òkun ló fọ oró ẹ̀?"
Mo ní, òfin wọn ni, Ìyá.
Wọ́n ní bí ààrò bá gbóná tó, yóò jóná tán nínú ẹ̀.
"Ta ní ń bá wọn wo ààrò?"

Àpò náà ṣì wà lórí pẹpẹ,
èkúté ti lu igun rẹ̀ kan.
Kò ní fi ṣe búrẹ́dì fún ẹnikẹ́ni.
Kò sì lè dà á nù:
ọmọ òun ló fi ránṣẹ́.