Àlàfo Kẹfà

Ní Sempọ́nà, ọ́fíìsì wa dojú kọ òkun.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi jókòó sídìí tábìlì yẹn,
fáànù ń yí lókè orí mi
bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mo rántí.
Játímínì wọlé láìwọ bàtà,
iyọ̀ òkun ti gbẹ mọ́ ọn lọ́rùn.
Ó gbé ọmọ kan sápá ọ̀tún,
ó gbé ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ sápá òsì, ewé ni ó fi wé e.
Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Kirihátì ni."

Níbo lẹ bí i sí?
"Nínú ọkọ̀."
Ọkọ̀ ń bẹ níbo?
"Lójú omi."
Omi orílẹ̀-èdè wo?

Ó yíjú sí fèrèsé.
Ó ní omi ń fà lóru ọjọ́ náà,
ó ti gbé wọn kúrò létí erékùṣù kan dé òmíràn
kí ìyá ọmọ tó bí i tán.
"Níbi tí ibi rẹ̀ bọ́ sí, ọ̀gá,
omi ọ̀hún kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Mo bojú wolé wọn láti ibi tí mo jókòó:
pákó mẹ́sàn-án, ihò kan tí wọ́n fi àkísà dí.

Òfin ní kí ọmọ máa tọ bàbá.
Bàbá kò níwèé. Bàbá tó bí bàbá kò níwèé.
Lọ́dún kan agbófinró kó o lọ sí òdìkejì òkun;
àwọn tọ̀hún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe tiwa,
wọ́n dá a padà
bí ẹrù tí òjò ti pa àdírẹ́sì ara rẹ̀ rẹ́.

Mo kọ ọ̀rọ̀ kún àlàfo márùn-ún.
Nínú ìkẹfà, níbi tí wọ́n ti béèrè ọmọ ilẹ̀ ibo,
mo fa ilà kan. Kò gùn tó èékánná ọmọ náà.
Ilà yẹn ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì dè é.
Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń fà á.

Ẹja ńkọ́?
Mo gbé e relé. Ìyàwó mi fi ata àti omi àgbọn sè é.
A jẹ ẹ́ tán, a lá ọwọ́.
Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè omi tó ti wá.

Ojú omi yìí kan náà ni bàbá mi gbà wá,
lọ́dún òjò kan, èmi léjìká rẹ̀.
Akọ̀wé tó bá nídìí tábìlì ń tòògbé.
Ó kọ ìlú tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu,
ó lu òǹtẹ̀, ó padà sídìí oorun rẹ̀.
Oorun ọkùnrin yẹn ni mo fi di ọmọ onílẹ̀.

Èmi kò sùn lẹ́nu iṣẹ́ rí.