Ẹ̀rọ Ọlọ́wọ́ Méjì

Ragnvald, ẹgbẹ́ ọdẹ ti pín ẹran.
Wọ́n gbé ìtan kan àti apá kan wá fún mi,
ẹran múùsù, àgbọ̀nrín oníwo bí ọkọ́,
tó jẹ́ pé láàyè rẹ̀, ìloro wa ò lè gbà á.
Wọ́n ní ìpín opó ni. Mi ò bá wọn jiyàn.
Mo gbé e kọ́ sí ahéré ẹ̀yìnkùlé,
òtútù ń bá mi ṣọ́ ọ.

Ẹ̀rọ ìlọran àtijọ́, èyí tí ìyá rẹ fi ta wá lọ́rẹ,
ti kú.
Kò kú bí o ṣe kú, lójijì, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.
Díẹ̀díẹ̀ ni tirẹ̀. Abẹ rẹ̀ ò mú mọ́,
kò gé ẹran mọ́, rírún ló ń rún un
bí arúgbó aláìléyín ṣe ń rún búrẹ́dì,
iṣan á sì lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn,
èmi á máa fi ṣíbí tú u sílẹ̀, mà á máa ṣépè.

Mo wọkọ̀ lọ sí Strömsund.
Tage, ọmọ Sigbritt, ló dúró nídìí káńtà,
irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ẹnu rẹ̀ ti dàgbà.
“Ìyá, iná ni èyí ń lò, ẹgbẹ̀rin wáàtì.
Á lọ ìtan kan tán kí kọfí yín tó hó.”
Mo yẹ inú rẹ̀ wò. Ike ni eyín rẹ̀.
Mo ní, “Eegun kékeré kan péré, ó parí.”
Ó ní ẹnikẹ́ni kì í lọ eegun.
Mo ní ìwọ ò mọ bí Börje ṣe ń yìnbọn:
èjìká ló máa ń bà, eegun á sì fọ́n ká inú ẹran
bí ìgò tó já lulẹ̀.

Nítorí náà, onírin ni mo mú, èyí tó wúwo,
àti awo oníhò ńlá, o mọ̀ mí,
mi ò fẹ́ ẹran tó ti di lẹ́ẹ̀, tí eyín ò rí ṣe.
Tage ní kí n kó abẹ àti awo sínú firísà kí n tó lọ nǹkan kan.
Ọmọ yìí! Ta ló kọ́ ìyá rẹ̀?
Ẹran ìgbẹ́ ò lọ́rà, sísá ló fi ayé rẹ̀ sá,
ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ la fi ń gbè é,
ọ̀rá ò sì fẹ́ràn irin gbígbóná. Bó bá ti yọ́,
lẹ́bú pákó lo máa jẹ.

Ó wá ku ẹ̀rọ ìkìfun.
Kíkì là ń kì ìbọn, kíkì là ń kì ìfun.
Ọdún mẹ́tàlélógójì, ìwọ lò ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ,
èmi ni mo ń di ìfun mú lẹ́nu ọ̀pá.
“Rọra.”
“Mo ń rọra.”
“Ó ń bẹ́ o!”
Ọ̀rọ̀ tá a máa ń bára wa sọ nínú oṣù Ọ̀wàrà
ò ju ìyẹn lọ, ó sì máa ń tó wa.

Tage na ìka sí ọ̀kan, ó ga, ó ń dán,
irin tí kì í dógùn-ún, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́.
“Ọwọ́ yín méjèèjì á ṣófo, ìyá.
Ẹ ò ní nílò ẹnikẹ́ni.”
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kéde ayọ̀.

Mo ka iye owó rẹ̀. Mo tún un kà.
Òjò dídì ń bọ́ sórí ọkọ̀ mi níta.
Mo ra èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, onílítà mẹ́ta.

Ó ti wà lórí tábìlì báyìí, mo ti dè é mọ́lẹ̀.
Ìfun ń rẹ nínú omi. Iyọ̀ ti wọ ẹran.
Ọwọ́ ẹ̀rọ na ara rẹ̀ síta, kò rí ẹni bọ̀ ọ́.
Mo mọ̀ pé ìwọ àti Börje ò bára yín sọ̀rọ̀
láti ìgbà ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi yẹn. Mo mọ̀.
Mo pè é.
Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ṣé kóun mú ọ̀bẹ wá.
Mo ní ọwọ́ ni kó mú wá,
kó sì fọ̀ ọ́.