Àpótí Kẹrìnlá

Ọyẹ́ ti fọ́ mi létè ní Samaru.
Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́,
àpótí kẹrìnlá ń wò mí bí ọmọ tí ebi ń pa:
"Ìgbà mélòó ni àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ ti dárúkọ rẹ?"

Kọ̀ǹpútà ti bá mi kà á.
Pépà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélógún,
ó tò wọ́n láti orí èyí tó gbajúmọ̀ dé èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí,
ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí arúgbó lórí àtẹ̀gùn,
ó dúró níbi tí iye pépà àti iye ìdárúkọ gbé pàdé.
Mẹ́sàn-án, ó ní. Mẹ́sàn-án ni ọ́.

Ní Ìkòlé, ìyá bàbá mi a máa kì mí láàárọ̀
kí n tó bọ́jú. Bó bá pè mí, mo gbọ́, mo jẹ́.
Èyí tí wọ́n ń pè mí nínú ìwé yìí,
ní Bùràsíìlì, ní Íńdíà, ní ìlú tí n ò mọ ọ̀nà ibẹ̀,
ta ní ń jẹ́ ẹ?

Èyí tó gbé mi ga jù nínú wọn,
ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n dárúkọ rẹ̀.
Mo jókòó, mo ka àwọn tó dárúkọ. Mẹ́tàlélógójì ń wí pé
Ajíbóyèdé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣi ìwọ̀n mú.
Òótọ́ sì ni. Ọdún tí òjò pẹ́ ni,
mo wọn omi ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí kò yẹ.
Kọ̀ǹpútà ò mọ èébú yàtọ̀ sí oríkì,
ó kà gbogbo rẹ̀ mọ́ ire.

Tẹ́rńgù, akẹ́kọ̀ọ́ mi, ya àwòrán kan:
àwa bí orí abẹ́rẹ́, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wa.
Ẹni tó bá bá ẹnì kan kọ̀wé, òwú so wọ́n pọ̀.
Ọ̀gá kan wà láàárín gbùngbùn bí aláǹtakùn,
ọgọ́rùn-ún òwú ló jáde lára rẹ̀; n ò rí i lóko rí.
Èmi wà létí, níbi tí bébà ti fẹ́ tán,
òwú kan ṣoṣo ló dè mí mọ́ ayé,
obìnrin kan ní Nàìróbì, ó sì ti fẹ̀yìn tì.
"Mà, bó bá já, ẹ ti dá wà nìyẹn."
Mo wá Barau títí nínú àwòrán náà.

Màlámù Barau, tó ń fi èèpo ẹ̀pà ka ebè,
tó fi wútà-wútà hàn mí,
èpò olódòdó àlùkò tí ń mu ọkà bàbà láti ìsàlẹ̀,
tó ní, "Dókítà, gbin ẹ̀wà sí i lẹ́sẹ̀.
Ẹ̀wà á tàn án hù, kò ní rí ohun tí yóò mu."
Gbólóhùn yẹn ni mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án mi.
Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, a gbọ́,
ṣùgbọ́n ta ní ń ka ọwọ́ tó ní ẹrẹ̀?

Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn Gíwá, mo rí oko kan
tí ẹ̀wà lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ọkà, àlùkò kan ò sí níbẹ̀.
Mo bi Àsàbè tó ni ín, ta ló kọ́ ọ?
Àbúrò ọkọ òun ni. Òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan lọ́jà Ṣíkà.
Kò dárúkọ mi. Kò dárúkọ Barau.
Mo ra múdù ẹ̀wà méjì lọ́wọ́ rẹ̀, kò dín mi lówó.

Mo kọ mẹ́sàn-án sínú àpótí kẹrìnlá.

Pépà kejìdínlọ́gbọ̀n wà lójú kọ̀ǹpútà.
Mo ti fi orúkọ Barau ṣíwájú tèmi,
ó kọ̀: "Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló ti wá?"
Mo fi òfo sílẹ̀, ó pọ́n kuku.
Mo tẹ̀ ẹ́: Ìdí igi irúgbá,
ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù, Samaru.
Ó ń ronú, ó ń yí bírí-bírí.
Lẹ́nu ọ̀nà, Barau ń gbọn eruku bàtà rẹ̀,
ó ń bèèrè bóyá àwọn àpò yẹn ti dé.